Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ tà fún mi kò lè gbé ọ̀rọ̀ orin Yorùbá jáde

Sí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Kíbọ́ọ̀dìsì ni mí, òun ni mo fi ń bọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òde ìyàwó àti ìsìnkú láti Tọ́sìdeè títí di Sátidé, a lè wà ní Alágbàká lónìí kí wọ́n tún pè wá sí Oǹdó lọ́la. Lọ́wọ́ aṣojú yín níbí ni mo ti ra kíbọ́ọ̀dù yín tuntun yẹn, owó gidi ni mo sì kó lé e, torí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé sikirini rẹ̀ á máa gbé ọ̀rọ̀ orin jáde bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn, torí èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mò ń lé orin, ọwọ́ wo ni màá wá fi máa ṣí ìwé?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tá à ń ṣe, torí ó jọ pé ẹni tó ṣe kíbọ́ọ̀dù yìí ò ro tiwa mọ́ ọn. Tá a bá dé òde ní Oǹdó, kì í ṣe orin tá a ti mọ̀ látilé nìkan la máa kọ. Ẹbí olóde á mú bébà wá, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, orúkọ àwọn ọmọ àti àwọn àna, oríkì ìdílé wọn, wọ́n á ní ká fi kọrin wọlé fún àwọn, ìgbà míì sì rèé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti wà tí bébà yẹn fi máa dé ọwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó lè há a sórí láàárín ìgbà yẹn. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kíákíá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, màá gbé e sínú fíláàṣì, màá ki fíláàṣì bọ kíbọ́ọ̀dù.

Ohun tó ń jáde rèé. Níbi tí mo kọ "ẹ ṣé o" sí, "áº¹ á¹£Ã© o" ni sikirini yín gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa, àmì owó pọ́n-ùn ló jókòó sí ìdí gbogbo ṣ tí mo kọ. Níwájú èrò ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ní òde ìyàwó kan, ìyàwó àti ọkọ ti ń jó bọ̀, orúkọ bàbá ìyàwó wà níwájú mi gbangba, mi ò lè kà á. Àwọn orúkọ tí mo lè dá mọ̀ ni mo pè, mo fo ti bàbá yẹn. Nígbà tó yá ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá bá mi, ó ní ṣé àwọn ò kọ orúkọ bàbá àwọn sínú bébà ni. Wọ́n kọ ọ́! Kíbọ́ọ̀dù yín ló bà á jẹ́. Inú bí wọn, wọ́n sì yọ nínú owó wa, ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, ojú tí bàbá yẹn fi wò mí dùn mí ju owó lọ.

Mo wádìí ohun tó fà á. Fóònù mi ń fi UTF-8, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, tọ́jú ọ̀rọ̀, báìtì mẹ́ta (nọ́ńbà kéékèèké mẹ́ta) ló sì ń lò fún ẹ tàbí ọ tàbí ṣ kan, kíbọ́ọ̀dù yín wá ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà tó dá dúró, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kan fi ń di mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ìlànà fáìlì MIDI, ìyẹn fáìlì orin tí kíbọ́ọ̀dù lè fúnra rẹ̀ kọ, tó ti wà láti 1988 dá a lámọ̀ràn pé ASCII, ìlànà àtijọ́ tó wà fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, ni kí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ASCII ò sì ní lẹ́tà kankan tó ní àmì. Àmọ́ láti 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè ayé, fóònù tí kò wọ́n rárá tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba níbí ń gbé wọn jáde wẹ́rẹ́. Ibi tó fẹ́ ọgbọ́n díẹ̀ ni ẹ tàbí ọ tó tún ní àmì ohùn lórí, torí ìyẹn ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, lẹ́tà àti àmì ni wọ́n ń so pọ̀, sọfitíwià yín gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gbé àmì lé lẹ́tà lórí. Kì í ṣe ohun tápá ò ká. Nínú mẹ́nù kíbọ́ọ̀dù kan náà yìí mo rí i pé èèyàn lè yan èdè Japan fún ọ̀rọ̀ orin. Ẹ lè gbé gbogbo lẹ́tà Japan yẹn jáde, kí ló wá dé tí tiwa fi nira?

Mo pe kọ́sítọ́mà kíà yín, ọmọ tó gbé fóònù gbọ́ mi dáadáa, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó fún mi ni pé kí n yọ gbogbo àmì kúrò. Ẹ má sọ irú ẹ̀ fún Yorùbá mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde láti 1884, lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, àwọn ìyá wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn ò ka ìwé púpọ̀ ń fi ojú wọn kà á. Orin tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo lè kà á láìsí àmì. Oríkì ìdílé tí mi ò gbọ́ rí ńkọ́? Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ bóyá òkè ni ohùn ń lọ tàbí ìsàlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lórin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn àgbà ilé yẹn sì wà níjòókòó tí wọ́n ń gbọ́?

Ọ̀rọ̀ míì tún wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ fáìlì MIDI ni mo lò, ọ̀rọ̀ orin inú rẹ̀ ti so mọ́ àsìkò, bí orin ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń yí. Àwa kì í ṣeré bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó fún wa, orí ìlà kan náà la máa wà títí ẹni yẹn á fi jó tẹ́rùn, a lè pe orúkọ rẹ̀ ká tún un pè, fáìlì ò sì ní dúró dè wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo sítáìlì, ìyẹn ìlù àti bass tí kíbọ́ọ̀dù ń fúnra rẹ̀ lù tẹ̀ lé mi, kí n máa fi ọwọ́ òsì yí kọ́ọ̀dù fúnra mi. Pẹ̀lú sítáìlì, fáìlì téẹ́sítì, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tí kò so mọ́ àsìkò, nìkan ló ń ṣí, àfi kí n sì fọwọ́ kan sikirini kí n tó lè yí ojú ewé, ọwọ́ á kúrò lórí kíì, orin á ṣófo. Mo so pẹ́dà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́ ọn, mo wo gbogbo ohun tí ẹ ní pẹ́dà lè ṣe nínú ìwé tó bá a wá, yíyí ojú ewé ò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ ṣe àpúdéètì tí a lè gbé wọlé láti inú fíláàṣì, tó máa ka UTF-8, tó ní fọ́ǹtì tó mọ àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn Yorùbá, kí ẹ sì fi yíyí ojú ewé sí ara ohun tí pẹ́dà lè ṣe. Ẹ sọ ọjọ́ tó máa jáde fún mi, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ ò bá ní ṣe é, ẹ gba kíbọ́ọ̀dù yín kí ẹ dá owó mi padà pátá, torí wọ́ràntì rẹ̀ ò tíì tán, ohun tí ẹ kọ sára páálí kọ́ ló sì ń ṣe. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ pàṣẹ fún aṣojú yín ní Àkúrẹ́ kó máa sọ ọ́ fún oníbàárà kó tó gbowó pé kò lè ka Yorùbá, torí ọmọ tó ń bá mi lo bass náà ti ń tọ́jú owó láti ra irú ẹ̀.

Mo fi fọ́tò sikirini náà, fáìlì tí mo tẹ̀ àti rìsíìtì mi kún lẹ́tà yìí. Nọ́ńbà mi wà lórí rìsíìtì, ẹ pè mí lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni,
Kíbọ́ọ̀dìsì yín, Àkúrẹ́