Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí oúnjẹ ọmọ tí ẹyin kò bá lára mu

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbàgbọ́ pé ara gbogbo yín le. Mo ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ pé ẹyin kò bá Ayọ̀mídé lára mu, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọmọ náà yóò máa jẹ ni ó ń kó ìdààmú bá ọ. Kí a tó bí ọ ni mo ti ń dáná òde àríyá, nítorí náà gba èyí lẹ́nu mi: oúnjẹ ilé wa kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹyin. Inú ìpápánu ni ó sá pamọ́ sí jù.

Àwọn kan a máa fọ́ ẹyin sínú àkàrà kí ó lè wú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àkàrà dín mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e. Má ṣe jẹ́ kí omi pọ̀ nígbà tí o bá ń lọ ẹ̀wà. Fi orógùn lù ú láti ìsàlẹ̀ wá sókè títí yóò fi funfun sí i tí yóò sì fúyẹ́, kí o wá kán díẹ̀ sínú ife omi. Bí ó bá léfòó, ó ti tó. Ìgbà tí òróró bá gbóná tán ni kí o tó fi iyọ̀ sí ẹ̀wà lílọ̀ náà, nítorí iyọ̀ tí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀ a máa mú un ṣàn.

Ní ti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, bí a bá yọ ẹyin kúrò, ẹ̀mí mẹ́fà ṣì kù, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọkún. Ṣùgbọ́n má gbà kí ẹnikẹ́ni hú ẹyin kúrò nínú èyí tí ó ti jinná kí ó sì fi ìyókù fún ọmọ. Ẹyin ti kàn án ná.

Ṣọ́ra fún ṣinṣín, bọ́ọ̀nsì, sàláàdì tí a fi mayonnaise pò, àti mítípáì, nítorí ẹyin ni ọ̀pọ̀ ń fi pa á lójú kí ó lè máa dán. Mílíìkì yóò ṣe iṣẹ́ náà. Pọ́fùpọ́fù kò nílò ju yíìsì lọ, àmọ́ obìnrin tí ń dín in lójú títì lè ti fi òróró kan náà dín iṣu tí a rì sínú ẹyin.

Fún kéèkì, po ife fúláwà kan àbọ̀, ife ṣúgà kan, ṣíbí cocoa ńlá mẹ́ta, ṣíbí baking soda kékeré kan àti iyọ̀ díẹ̀ pọ̀. Da ife omi kan, ìdá kan nínú mẹ́ta ife òróró àti ṣíbí fínígà ńlá kan sí i. Fínígà àti sódà yóò hó, híhó náà ni yóò gbé kéèkì sókè, nítorí náà kí ààrò ti gbóná sílẹ̀. Bí o bá fi í sílẹ̀ kí o lọ dá ẹnìkan lóhùn, yóò tẹ́.

Ìyá ọkọ rẹ lè fẹ́ fi ẹyin àparò tọ́jú Ayọ̀mídé, nítorí àwọn tí ń tà á ń polówó rẹ̀ bí oògùn. Fi ìtẹríba ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ tí ẹyin adìẹ bá ń dà láàmú, ti àparò àti ti pẹ́pẹ́yẹ lè ṣe é bákan náà. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan lè jẹ èyí tí a yan sínú kéèkì, tí ọ̀pọ̀ sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò dán ìyẹn wò, kì í ṣe àbúrò bàbá rẹ̀ níbi ìkómọjáde. Kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí inú ẹyin ni wọ́n ti ń ṣe é.

Bí ètè rẹ̀ bá wú tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, lo abẹ́rẹ́ tí dókítà bá fún yín, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Má fi àkókò ṣòfò lórí epo pupa.

Bí ẹ bá ń bọ̀ fún ọjọ́ ìbí rẹ̀, èmi ni n óò yan kéèkì náà. Bá mi ra cocoa dání. Èyí tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa níhìn-ín ti pẹ́ lórí àtẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.