Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìrìn-àjò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa yà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi bàbá yín ní Ọjà'ba lẹ́bàá Mápó ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ọmọọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ torí ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran sórí fóònù mọ́. Wọ́n fi fọ́tò ìrìn-àjò tẹ́ ẹ rìn nígbà Iléyá hàn mí, ẹ gba Ìwó dé Òṣogbo, ẹ dé Ìkìrun, ẹ já sí Ọ̀fà, ẹ jẹ ẹran, ẹ jó, inú mi dùn sí yín gan-an ni. Àmọ́ nígbà tí mo bi wọ́n pé ibo lẹ yà wò lójú ọ̀nà, wọ́n ní ẹ ò yà sí mùsíọ́mù kankan, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ohun àtijọ́ sí. Ìyẹn ló dùn mí tí mo fi ní kó jókòó kó máa kọ ọ́.

Èmi náà kọjá bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 27 ni mo fi wa bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin àti Òmù-Àrán, èrò ń kánjú, èmi náà ń kánjú kí n lè já èrò kí n tún kó òmíì, sáìnbọ́ọ̀dù mùsíọ́mù Èsìẹ́ ń wò mí, èmi náà ń wò ó, n ò yà. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo gbé bọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni mo tó lọ, tí mo wá rí ohun tí mo ti ń kọjá lára ẹ̀ láti ìgbà èwe mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Èsìẹ́ yẹn ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà? 1945 ni wọ́n ṣí i, kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn, ìlú kékeré kan ní Kwara ni. Ère òkúta ló kún ibẹ̀, wọ́n ju 800 lọ, ọkùnrin lóbìnrin, àwọn kan jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà dání, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì dirí bí ẹni tó ń lọ òde, mo dúró ti ọ̀kan báyìí tó jọ ìyá tó bí mi, n ò lè kúrò níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, wọ́n ń bọ wọ́n nínú igbó, kí òyìnbó kan tó ń lọ wo ilé ìwé àwọn ìjọ CMS tó ròyìn wọn fáyé ní 1933. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta, èyí tó ga lọ́lá jù nínú wọn Ọba Ère ni wọ́n ń pè é. Títí dòní, ẹni tó gbẹ́ wọn, kò tíì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dé jù ni Ìmẹ̀sí-Ilé, ní Ọ̀ṣun.

Gbogbo wa la máa ń ki ìlú wa, Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun, orí wa á wú. Nílé wa, wọ́n máa ń sọ ọ́ pé baba ńlá wa bá Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, lọ sí ogun Kírìjì kò sì padà wálé, èmi ọmọdé ìgbà yẹn máa ń fi yangàn níléèwé. Ìgbà tí mo dé Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo tó gbọ́ ohùn olóhun. Ibẹ̀ ni ibùdó àwọn Èkìtìparapọ̀ wà, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá wa jà, Ìgbájọ ni tiwa wà, òkè ló pààlà, wọ́n sì tọ́jú àwọn ohun ìrántí ogun náà síbẹ̀. Bàbá tó mú wa yíká bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Ìbàdàn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá gbé àga fún mi. Ó wá ròyìn bí àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú tí àwa rán lọ máa ṣàkóso ìlú wọn, ṣe ń jẹ gàba lé wọn lórí, bí wọ́n ṣe ń wọlé kó ohun tó wù wọ́n, títí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí fi bẹ́ ajẹ́lẹ̀ lórí tí ọ̀rọ̀ fi dogun, tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ńgbé Iléṣà wá gbà á ṣe, tí àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ń ra ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé. Ohùn ìbọn yẹn, kìrìjì kìrìjì, lára ẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Látòósà kú síbẹ̀ ní 1885, wọ́n ṣàdéhùn ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò túká tán títí di 1893. Ọdún 16 gbáko! Ẹ rò ó wò, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kó tó parí.

Mo sunkún níbẹ̀, n ò fi pa mọ́. Baba ńlá mi ṣì jẹ́ akọni lójú mi, àmọ́ n ò lè sọ ìtàn ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ẹnìkan náà la ń dá nínú oríkì wa látọjọ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ fún yín nìyẹn, kẹ́ ẹ lọ gbọ́ ìtàn Ìbàdàn lẹ́nu àwọn tí Ìbàdàn bá jà.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ kọ́kọ́ wo tilé ná. Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè Ààrẹ, 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, ní ìrántí Bower, ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó fi sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí Kírìjì parí. Ẹ rí i, àwa tí à ń rán ajẹ́lẹ̀, wọ́n rán ajẹ́lẹ̀ sáwa náà. Ẹ dé mùsíọ́mù ti Alẹ́ṣinlóyè náà, kò jìnnà.

Tẹ́ ẹ bá wá ń lọ, ẹ tètè jáde, kẹ́ ẹ sì ti béèrè tẹ́lẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí. Mùsíọ́mù kan wà tí n ò ní dárúkọ, àgádágodo la bá lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ sóko, a jókòó sábẹ́ igi títí ó fi dé, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi wo gbogbo ẹ̀. Nígbà tó ní kí n kọ orúkọ mi sínú ìwé àlejò, ẹni tó kọ tiẹ̀ kẹ́yìn ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Torí náà ẹ máa kọ orúkọ yín, kí gbogbo yín kọ ọ́ o, ìwé yẹn nìkan ni wọ́n lè nà sí ìjọba láti fi hàn pé àwọn èèyàn ń wá. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan, òógùn ọwọ́ ń bà á jẹ́. Ẹ má sì kàn ya sélífì kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ẹ ra omi tútù fún un, ẹ bi í léèrè, ohun tí kò sí nínú gíláàsì wà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ rántí pé ní àárín 1993 sí 1994, olè wọ mùsíọ́mù Ifẹ̀ léraléra, wọ́n kó ère lọ. Mùsíọ́mù tí ọmọ onílé bá ń wọ̀ nígbà gbogbo, tọ́mọdé tàgbà ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, wọn á tètè mọ ohun tó bá sọnù.

Mo gbọ́ pé ẹ tún ń múra àti jáde ní December. Ẹ bá mi fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yẹn, orúnkún mi ò gba ẹ̀yìn mọ́. Èmi ni màá máa júwe ọ̀nà láti Ìkìrun dé Ìmẹ̀sí-Ilé.