Ẹ wo router kí ẹ tó kọ kúẹ́rì sí òṣìṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí ó kan gbogbo ẹni tó ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, pàápàá ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń ṣòwò káàkiri òkè Ọya níbí.

Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀. A ní ẹ̀ka kan ní Zaria, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì ló ń bójú tó o. Ọmọ Ọ̀fà ni, àmọ́ Sábó Zaria ni wọ́n bí i sí, Hausa sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá wá rajà, ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti iye ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí kọ̀ǹpútà kí ẹrù tó lè jáde. Láti ìparí oṣù kẹta ni íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti ń já. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán á dákú, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jí. Àwọn àgbẹ̀ á jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò títí á fi rẹ̀ wọ́n, àwọn mìíràn á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń sọ fún un lórí fóònù nípa router wọn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà: "Ìyá Ìbejì, ẹ pa á, ẹ ka ení dé ọgbọ̀n, kí ẹ tún un tàn." Ó ń ṣe é lójoojúmọ́. A pààrọ̀ síìmù lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí. Àwọn ọ̀gá wa ní ọwọ́ rẹ̀ ló lọ́ra. Wọ́n kọ kúẹ́rì méjì sí i, wọ́n sì gé nínú owó oṣù rẹ̀. Mo dákẹ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nígbà tó yá, mo ra router tuntun ní ọjà Banex ní Àbújá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu, mo sọ̀ ní Rigasa ní Kaduna, mo sì wọ mọ́tò dé Zaria. Orí kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni wọ́n gbé router àtijọ́ lé, lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé. Eruku ọyẹ́ ti dí gbogbo ihò tó yẹ kí atẹ́gùn máa gbà. Volt 12 ni wọ́n kọ sára adapter rẹ̀, èyí tó ń gbé iná fún un. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n lásán, ó pé 12. Nígbà tí mo tún un wọ̀n bí router ti ń lò ó lọ́wọ́, ó ti já wálẹ̀ sí 9. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lásán nìkan á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo fi adapter mìíràn sí i, ara rẹ̀ yá. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tún dákú. Ni mo bá tú router náà. Capacitor mẹ́ta, àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú rẹ̀, ti wú lórí, ọ̀kan ń sun omi tó rí bí omi tábà. Ooru ló ń gbẹ omi inú capacitor báyẹn: bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 Celsius lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù tó ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Zaria lóṣù kẹrin, ẹ ro ibi tí wọ́n gbé e sí wò. Ọdún 9 ni wọ́n sì ti ń lò ó. Àwọn tó ṣe é kò fi àtúnṣe sọ́fítíwia ránṣẹ́ sí i mọ́, nítorí náà bí mo bá tilẹ̀ jó capacitor tuntun mọ́ ọn, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ fún olè orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí n tó fi router tuntun rọ́pò rẹ̀, mo ya fọ́tò gbogbo wáyà rẹ̀, mo lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì da gbogbo ètò inú rẹ̀ kọ sínú ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò dáhùn. Ó tó wákàtí méjì tí mo ń wá ìdí rẹ̀. Ìyá Ìbejì ló na ọwọ́ sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé nọ́ńbà yìí kò yàtọ̀ sí ti tuntun yẹn?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. 192.168.1.50 ni àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, router tuntun sì ń lo 192.168.0.1, nítorí náà wọn kò rí ara wọn. Mo yí i sí 192.168.1.1 tí èyí àtijọ́ ń lò, bébà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Orí pákó, níbi tí oòrùn kò dé, ni a gbé router tuntun náà sí báyìí. A kọ ọjọ́ tí a rà á sẹ́yìn rẹ̀. Mo ti bẹ ilé-iṣẹ́ wa kí wọ́n ra èkejì, kí n to ètò rẹ̀ sílẹ̀, kó wà nínú dúrọ́ọ̀ Ìyá Ìbejì, kó lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni láti Àbújá. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ orí ẹ̀rọ wọn kí ẹ tó béèrè ìdí tí iṣẹ́ fi pẹ́.

Wọ́n ti fa kúẹ́rì méjèèjì ya. Owó tí wọ́n gé ni wọn kò tíì dá padà, mo sì ti kọ lẹ́tà lé e lórí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Kubwa, Àbújá