Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ilé shortlet ní Àkúrẹ́: ẹ ya onílé tó ń gbé inú ilé rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára éjẹ́ǹtì

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ àti gbogbo Káńsẹ́lọ̀.
Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa onílé tó ń gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ (shortlet) ní Alágbàká, Ìjàpó, Òkè-Àró àti agbègbè FUTA.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àbójútó wa.

Àwa tí a kọ ìwé yìí ń fi yàrá kan, yàrá méjì tàbí BQ ẹ̀yìnkùlé gba àlejò nínú ilé tí àwa fúnra wa ń gbé. Ẹni tó wá jẹ ìnáwó ní gbọ̀ngàn Dome, òbí tó bá ọmọ wá gboyè ní FUTA, ẹbí aláìsàn tó wà ní ilé ìwòsàn UNIMED, ẹni tó fẹ́ jí gun òkè Ìdànrè: àwọn ló ń sùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé, bí ẹ bá fẹ́ gbé ìlànà tàbí owó kalẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe ka àwa àti éjẹ́ǹtì sí ọ̀kan náà.

Oríṣi éjẹ́ǹtì méjì ló wà. Ọ̀kan ń bá onílé tó wà ní ìdálẹ̀ mójú tó ilé rẹ̀, ó sì máa ń yọ bíi náírà 20 sí 30 nínú 100 tó bá wọlé. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, bí ó bá ní ẹni tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ aṣọ ibùsùn, tó sì wà nínú ìlú. Èkejì ló ń dà wá láàmú. Yóò gba fúláàtì bí ayálégbé ọlọ́dún, kò ní sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún lándíláàdì, yóò sì máa tà á lóru lóru. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún, ₦100,000 ni oṣù kan. Bí ó bá ń gba ₦30,000 lóru, òru mẹ́rin péré ti ju owó oṣù lọ. Bí lándíláàdì àdúgbò bá ti rí èyí, owó ilé yóò gbéra, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò sì kó ẹrù jáde. Yàrá tiwa kò lé ayálégbé kankan síta, abẹ́ òrùlé tí a ń gbé ló wà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká wa lára jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ni ilé nítòsí. Ẹ wo kọ́kọ́rọ́. Éjẹ́ǹtì máa ń so àpótí kékeré onínọ́ńbà mọ́ géètì, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Bí àlejò tó lọ lọ́jọ́ Àìkú bá ṣì mọ nọ́ńbà tí àlejò ọjọ́ Ajé yóò tẹ̀, ilé náà kò ní ìlẹ̀kùn mọ́. Ó yẹ kí wọ́n máa yí nọ́ńbà náà padà lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì gba pé kí ènìyàn dé ibẹ̀.

Ẹ tún wo iná. Ínfátà 3.5kVA kì í sábà gbé ju nǹkan bíi wáàtì 2,800 lọ. Kẹ́tùlù oníná ń jẹ nǹkan bí 2,000, áyọ́ọ̀nù 1,000 sí 1,200. Àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún yóò tan méjèèjì pọ̀, ínfátà yóò sì kú. Ó pe éjẹ́ǹtì, Èkó ni onítọ̀hún wà, tàbí kó má gbé ìpè rárá. Ooru mú, òkùnkùn ṣú, ó rí jẹnẹrétọ̀ kékeré ní kọ́rídọ̀, ó tàn án síbẹ̀. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn, ojú kò rí i, imú kò gbóòórùn rẹ̀, ó sì ń pa ẹni tó sùn kí ó tó jí. Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kẹ̀yìn sí ilé. Onílé tó ń sùn ní yàrá kejì yóò gbọ́ ọ, yóò sì dìde.

Ti ṣókàwéè kan gbogbo àdúgbò. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fúnni ni pé kí kànga jìnnà tó mítà 30 sí ṣókàwéè. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 sí 30, ẹ ò rí i pé àyè yẹn kò tó. Iye ènìyàn tó ń lo ilé ló kù tí a lè fi dáàbò bo kànga. Fúláàtì tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn mẹ́fà, tí éjẹ́ǹtì wá gbé fún àríyá ọgbọ̀n ènìyàn, ẹ̀gbin rẹ̀ yóò kún, yóò sì wá sínú omi tí aládùúgbò ń pọn.

Òfin Nàìjíríà ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin, fi nọ́ńbà ilé, owó-orí ilé (tenement rate) àti kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì sọ lọ́dún 2013 pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tó wà lábẹ́ yín nìkan la ń bẹ̀ fún.

Ẹ ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan, kí ó fi hàn bóyá onílé ń gbé inú ilé tàbí éjẹ́ǹtì ló ń ṣe é. Kí éjẹ́ǹtì mú lẹ́tà tí lándíláàdì fọwọ́ sí wá, pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan tó ń gbé ní Àkúrẹ́, tó lè dé ilé náà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí wọ́n bá pè é lóru. Kí nọ́ńbà fóònù ẹni náà wà lára géètì. Kí àlejò má ju méjì lọ ní yàrá kan. Ní ti owó, kí onílé tó ń gbé inú ilé, tí yàrá àlejò rẹ̀ kò ju méjì lọ, máa san owó-orí ilé bíi ti aládùúgbò rẹ̀; kí éjẹ́ǹtì tó ní fúláàtì púpọ̀ san bí oníṣòwò. Báńkì ni kí a san án sí, kí rìsíìtì sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ parí nọ́ńbà àwọn ilé pẹ̀lú, nítorí àlejò tó dé lálẹ́ máa ń kan ilẹ̀kùn onílé-onílé.

Àwa náà yóò ṣe tiwa. Onílé kọ̀ọ̀kan yóò ní ìwé tí orúkọ àlejò, fóònù rẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò, ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ wà nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá mú ìwé àṣẹ wá lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n a kò ní ya NIN ẹnikẹ́ni sórí WhatsApp, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023. Aṣọ ibùsùn mẹ́ta ni fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, torí nígbà òjò aṣọ kì í tètè gbẹ. Rọ́bà gáàsì, ọṣẹ àti omi la ó máa fi dán an wò kí àlejò tó wọlé: bí ó bá hó, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ fún wa ní ọjọ́ tí aṣojú wa yóò wá jókòó pẹ̀lú ẹ̀ka owó-orí àti ẹ̀ka ìlera àyíká yín. A ó kó orúkọ àwọn ilé wa àti iye yàrá tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan dání.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, fún ẹgbẹ́.