Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹsẹ Kan Láti Ẹnu Baba

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Òwe 22:29 la ó gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí: "Ìwọ rí ènìyàn tí ó ń fi àìṣèmẹ́lẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Òun yóò dúró níwájú àwọn ọba." Josiah Franklin, tó ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ tà nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, kì í jẹ́ kí ẹsẹ yìí tán lẹ́nu. Ọmọ 17 ni baba yìí bí. Benjamin, tí wọ́n bí lọ́dún 1706, ló kéré jù nínú àwọn ọkùnrin. Ọdún méjì péré ló lò nílé ìwé kí baba tó mú un kúrò lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, pé kó wá máa bá òun gé òwú àbẹ́là. Iṣẹ́ náà kò wù ú rárá.

Ni wọ́n bá fi í sọ́dọ̀ James ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti là. Á yá ìwé lálẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tàwé, á fi òru kà á, á sì dá a padà ní ìdájí kí ọ̀gá wọn tó wá a. Owó oúnjẹ tó ń gbà, ó ń ṣẹ́ ìlàjì rẹ̀ kù kó lè fi ra ìwé.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ inú ìjọ wa ń retí kí n sọ èyí tó kù. Ó dáa, mo sọ ọ́: kò gba fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n ń lù ú, òun náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí Philadelphia lọ́dún 1723. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun ṣẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kú, ó gba ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ́dọ̀, ó rán an níwèé, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́ ìtẹ̀wé.

Lẹ́yìn tó di ọ̀gá, tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi bárò ti bébà tó rà láàárín ìgboro. Ó ṣe ọ̀pá irin tó ń gba mànàmáná sílẹ̀ kó má bàa jólé. Ó ṣe sítóòfù tó ń mú ilé móoru, gómìnà sì fẹ́ fún un níwèé àṣẹ pé kí ẹlòmíràn má ṣe irú rẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní àwa náà ń jẹ èrè ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe.

Ọba ńkọ́? Ó ní òun kò rò ó rí pé ẹsẹ baba òun yóò ṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọba márùn-ún ló dúró níwájú wọn, ó sì bá ọ̀kan, ọba Denmark, jókòó jẹun. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, òun ni wọ́n rán lọ sí Faransé láti wá ìrànlọ́wọ́, ó sì rí i gbà.

Ẹ má rò pé mo ń sọ ọ́ di ẹni mímọ́ o. Ó ní ẹrú, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì polówó ẹrú. Ìgbà ogbó ló tó yí padà, tó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń jà fún òpin òwò ẹrú lọ́dún 1787. Oníwàásù George Whitefield, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbàdúrà títí pé kó di àtúnbí. Àmọ́ títí dé 1790 tó kú, ó ṣì ń ṣiyèméjì pé Ọlọ́run ni Jésù. Iṣẹ́ mú un dé ààfin. Kò mú un dé ẹsẹ̀ àgbélébùú.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, a ó gbàdúrà fún gbogbo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́: télọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí, títí kan àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin òbí, ẹ wá pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì kan tí ẹ ó kà lé ọmọ yín lórí. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ti wọn mọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn wá.