Ẹ má tíì ta ilẹ̀ Mówe

Oakland, Kalifóníà

Fọlákẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni Màmá àti àwọn ọmọ wà? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Ilẹ̀ Mówe kẹ̀! Ilẹ̀ tí Bàbá bá àwọn ọmọ onílẹ̀ fà títí, kí Bọ̀dá Wálé wá tà á nítorí gbèsè kóòtù tí wọ́n kọ sí wọn lọ́rùn ní Kalifóníà níbí nígbà tí wọ́n ti ọmọ wọn mọ́lé ní 2016? Ẹ dúró ná.

Lóòótọ́, nígbà náà òbí ló ń sanwó àtìmọ́lé ọmọ ẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alameda níbí, alẹ́ kan tí ọmọ bá sùn síbẹ̀ jẹ́ dọ́là 25 àti sẹ́ǹtì 29. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, dọ́là 15 lójúmọ́. Ọ́físà tó ń ṣọ́ ọ, dọ́là 90 lóṣù. Kódà, ìtọ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò bóyá oògùn olóró wà níbẹ̀, dọ́là 28 ó lé! Òtẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n pé òun fẹ́ sùn. Bí òbí kò bá san nígbà náà, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé owó oṣù ẹ̀, tàbí owó orí tó yẹ kí ìjọba dá padà fún un. Ìyá kan ní Orange County ta ilé ẹ̀, ó san bíi dọ́là 9,500 nínú 16,372, wọ́n ṣì ń lé e. Ó kọ̀wé sí kóòtù pé agbára òun kò ká gbèsè mọ́, wọn ò gbà. Ìgbà tó di 2016 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó gbà á lọ́wọ́ wọn.



Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Òfin Kalifóníà tí wọ́n ń pè ní SB 190, tí Gómìnà Jerry Brown fọwọ́ sí ní 2017, kàn ní kí wọ́n má kọ owó tuntun sí òbí lọ́rùn mọ́ láti January 2018 ni. Kò fọwọ́ kan gbèsè àtẹ̀yìnwá. Ọ̀tọ̀ lòfin tó pa ìyẹn rẹ́: SB 1290, láti January 2021. Àmọ́ òfin kò ní kí wọ́n dá èyí tí èèyàn ti san padà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọkọ̀ yẹn tí ẹjọ́ ọmọ náà dá lé lórí. Owó gbà-má-bínú tí kóòtù ní kí ọmọ san fún ẹni tó ni nǹkan kò sí nínú èyí tí wọ́n pa rẹ́, ó sì lè dé ọrùn òbí. Owó ìtanràn náà, SB 190 kò kàn án. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, àbí? Wọ́n lè ti kọ odindi owó náà sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹni tó ni ọkọ̀ lè gbà á. Bí òbí àwọn yòókù bá ti san nǹkan, ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́.

Kí Bọ̀dá kọ̀wé béèrè: owó kọ̀ọ̀kan, kí ni wọ́n gbà á fún, ọjọ́ wo, ta ló ni ín? Kí Bọ̀dá má ṣèlérí kankan lórí fóònù. Kí wọ́n gbé ìwé náà lọ bá lọ́yà tí ìjọba fún ọmọ nígbà yẹn, ọ́fíìsì wọn ṣì wà.

Jọ̀ọ́, ya àwòrán ìwé náà fún mi, iwájú àti ẹ̀yìn. Kí o sì bá mi kó ìwé ilẹ̀ kúrò nínú àpótí Màmá kí oníbàárà yẹn tó dé. Bí Bọ̀dá bá bi ọ́, o ò mọ̀ mí.

Tìẹ ni,
Bùkọ́lá