Gláídà àfọwọ́jù: ìwúwo ló yẹ ká máa ṣọ́, kì í ṣe owó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan nípa bàálù onírímóòtù, níbi tó ti sọ pé eré ọlọ́rọ̀ ni, àti pé èyí tí kò bá ti ní ẹ́ńjìnnì, ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mo fi ń jẹun, kíkan gláídà, ìyẹn bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ni mo sì fi ń najú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ṣeé pa mọ́nú fún mi.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti ẹ́ńjìnnì. Orville àti Wilbur Wright tí gbogbo ayé ń kì fún bàálù, gláídà ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ ní ọdún 1900, 1901 àti 1902, kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì lé èyí tó fò ní oṣù Kejìlá ọdún 1903. Ṣáájú wọn, Otto Lilienthal ti ń fi gláídà fò láti orí òkè ní Jámánì láti ọdún 1891, gláídà náà ló sì já mọ́ ọn lọ́wọ́ tó fi kú ní 1896. Bí ìyẹn bá jẹ́ ìṣeré ọmọdé, ẹ dákun, kí ni iṣẹ́ àgbà?

Ti owó yẹn ló tilẹ̀ ká mi lára jù. Ẹni ọ̀wọ̀ náà to àwọn ohun èlò olówó ńlá jọ lọ rẹpẹtẹ: ìyẹ́ kábọ́nù, rímóòtù tó ní bọ́tìnnì bí ẹni máa wa ọkọ̀ ojú omi. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń díje lábẹ́ F3K, ẹ̀ka ìdíje gláídà àfọwọ́jù onírímóòtù tí FAI, àjọ eré ìdárayá òfuurufú lágbàáyé, ń bójú tó, máa ń lo irú wọn. Nínú òfin wọn, ìyẹ́ ò gbọdọ̀ gùn ju 1,500 mílímítà lọ, odindi gláídà ò sì gbọdọ̀ wúwo ju 600 gíráàmù. Wọ́n á di igi kékeré tó wà ní ìkángun ìyẹ́ mú, wọ́n á fi gbogbo ara pòyì, wọ́n á jù ú sílẹ̀, yóò sì ga kọjá mítà 50. Ìyẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ lásán ò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa pòyì? Ọ̀nà àtijọ́ wà níbẹ̀: ẹ dì í mú lábẹ́ ìyẹ́, ẹ sáré díẹ̀, kí ẹ jù ú bí ọ̀kọ̀.

Ohun tí mo fi kan tèmi rèé: fóòmù pẹlẹbẹ líle tó nípọn tó mílímítà 5, ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ara, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ fóòmù (ẹ dán an wò lára èérún kan ná, nítorí òmíràn á yọ́ ọ pátápátá), sẹ́lótéèpù, servo kékeré méjì (mọ́tò tín-ín-rín tó ń yí ìrù bí rímóòtù bá ṣe pàṣẹ), rìsífà tó ń gba àṣẹ rímóòtù, àti bátìrì. Ìyẹ́ náà gùn ní mítà kan láti ìkángun dé ìkángun, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Etí tábìlì ni mo fi rọra ń wọ́ ọ títí àárín rẹ̀ fi yọ sókè díẹ̀, mo wá lẹ ọparun tí mo là wẹ́wẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀ kó má baà ká. Mo gé ìkángun rẹ̀ méjèèjì, mo sì tún wọn lẹ̀ padà kí wọ́n gbórí sókè. Gbígbórí sókè yẹn kì í ṣe fáàrí. Bí abala ìrù tó nàró bá yí imú gláídà sí ọ̀tún, ìyẹ́ òsì ló máa ṣíwájú, afẹ́fẹ́ á rí abẹ́ rẹ̀ gbé dáadáa, gláídà á wá fì sí ọ̀tún. Servo kan fún abala tó nàró, ọ̀kan fún abala tó dùbúlẹ̀, ó parí. Ìyẹ́ fúnra rẹ̀ ò nílò ẹ̀rọ kankan.

Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò tó 200 gíráàmù lórí òṣùwọ̀n, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kí òǹkàwé yín gbọ́. Ìrù tèmi fi sẹ̀ǹtímítà 60 jìnnà sí ibi tí gláídà ti dọ́gba, imú ò sì jìnnà ju 20 lọ. Nítorí náà, bí mo bá fi gíráàmù 1 kún ìrù, dandan ni kí n fi 3 sí imú kó tó lè dọ́gba. Gíráàmù 4 ni mo ti dì lé e lórí yẹn, nítorí gọ́ọ̀mù tí mo fà láfàjù níbi tí ìlà tín-ín-rín kan ì bá ti tó. Ìdí nìyẹn tí servo méjèèjì fi wà nítòsí imú. Okùn ìpẹja ni wọ́n fi ń fa ìrù sápá kan, wáyà tín-ín-rín tí mo ká bíi sípírìn-ìn sì ń dá a padà sápá kejì. Àwọn kan á tún kun ìyẹ́ lọ́dà kó lè dán. Ọ̀dà wúwo o!

Ní ti ibi ìdọ́gba, ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ ìyẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láti etí iwájú. Lára tèmi, sẹ̀ǹtímítà 5 ni. Ẹ fi ìka méjì gbé e níbẹ̀ kí ẹ wò ó. Bó bá ti wá ń fò dáadáa, tó sì ga tó, ẹ dorí rẹ̀ kọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ sílẹ̀ lára rímóòtù. Bó bá ta imú sókè wàrà, imú ló wúwo jù. Bó bá túbọ̀ ń rì bọ̀ nílẹ̀, ìrù ló wúwo jù, ẹ tètè fà á yọ, kí ẹ sì fi òjé díẹ̀ kún imú. Bó bá ń rọra gbé imú bọ̀ ní tirẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ mi wà gan-an ni rédíò, ibẹ̀ náà ni ohun tí kò wọ́n ti borí. Kábọ́nù máa ń dí ìgbì 2.4 GHz, ìgbì rédíò tí rímóòtù fi ń bá rìsífà sọ̀rọ̀, lọ́nà. Fóòmù àti ọparun kì í dí i. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wáyà eríà rìsífà nà tààrà, ẹ má gé e. Rímóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn kí ẹ tó tan gláídà. Tí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n, gláídà ni kó kọ́kọ́ kú. Bátìrì lithium oníhóró kan ò gbọdọ̀ gbà ju fólítì 4.2 lọ, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lórí iná kí ẹ lọ sùn.

Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́, ẹ jù ú gbọọrọ. Ẹni tó bá jù ú sókè, á dúró lófuurufú, á sì já bọ́. Gláídà tó fúyẹ́ dáadáa máa ń sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, bó bá dé mítà 10, bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lẹ ní. Ó kéré lóòótọ́. Ooru ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di púpọ̀. Oòrùn máa ń tètè mú ilẹ̀ gbígbẹ gbóná ju koríko tútù lọ, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ wo ibi tí àwòdì ti ń yípo láìju apá. Ẹ sì wo ìyẹ́ gláídà yín: bí ti ọ̀tún bá ṣàdédé gbéra láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan rímóòtù, apá ọ̀tún ni ooru wà. Gláídà á fẹ́ yà sí òsì, ẹ má gbà fún un, ẹ darí rẹ̀ sí ọ̀tún, kí ẹ máa yí i po níbẹ̀. Ọwọ́ á máa wárìrì, ọrùn á máa dunni, gláídà á ṣì máa gòkè. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ èrè gíráàmù tí ẹ ò dì lé e lórí.

Nígbà tó bá ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì yín, èyí sì máa ń da orí ọ̀pọ̀ rú. Ẹ ti ọ̀pá rímóòtù sí apá tí ìyẹ́ ti fì sílẹ̀, yóò tún dúró. Pápá gbalasa ni kí ẹ lò, tó jìnnà sí títì, sí wáyà iná, sí èrò àti sí pápákọ̀ òfuurufú.

Olóòtú, bí ẹ bá tún fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá kọ ọ́ sọ bí gláídà rẹ̀ ṣe wúwo tó àti ibi tó ti dọ́gba kó tó ka orúkọ ẹ̀rọ fún wa. Bí àyè bá sì wà lójú ìwé yín, mo ṣetán láti ya ìyẹ́ náà àti ìrù rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n wọn ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnrédíòṣe kan, òǹkàwé yín